Mọ́tò Tí Kì Í Gbọ́ Ti Ẹlòmíràn

Nígbà tí egungun mi ṣì le, tí mo lè ru apẹ̀rẹ̀ àgbọn láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà láì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sinmi... Ṣé fóònù yẹn ń gba ohùn mi? Ó ń gbà á. Ó dáa. Gbé e kúrò lórí itan mi, kò jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Fi síbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùrù.

Wàsíù ọmọ ọmọ mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ yìí ló wọlé, ó ní, "Màmá, ọkàn mi ti balẹ̀. Mo ti fi kíìlì súìṣì sí mọ́tò mi. Olè kankan ò lè gbé e mọ́." Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní súìṣì kékeré kan ni, òun fi ọwọ́ ara òun so ó, òun sì fi í pamọ́ síbì kan. Ó ní bí òun ò bá tẹ̀ ẹ́, mọ́tò ò ní ṣíná. Mo ní ta ló mọ ibẹ̀? Ó nàyà, ó ní, "Èmi nìkan ni, Màmá. Bọ́lá gan-an ò mọ̀ ọ́n." Bọ́lá ìyàwó ẹ̀ rèé níwájú mi yìí, pẹ̀lú oyún ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ògì tí ẹ gbé fún mi láàárọ̀, ṣé mo mu ún? Mi ò mu ún.

Ẹ gbọ́. Ẹ rò pé ayé tiyín yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe irú ẹ̀? Ọkọ mi, bàbá bàbá yín, ti ṣe é ní Ọ̀jọ́ kí wọ́n tó bí bàbá yín. Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà yẹn.

Ẹ má bínú pé mò ń pe ọkọ mi ní "ó." Nígbà tó wà láyé, "ẹ" ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó ti kú tipẹ́, èmi ò kú. Mo ti dàgbà jù ú lọ báyìí. Bó bá jí dìde lónìí, òun ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Ọ̀jọ́ ìgbà yẹn kì í ṣe Ọ̀jọ́ tí ẹ mọ̀ yìí. Omi ni ọ̀nà wa. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ Èkó, òun la fi ń lọ Àgbádárìgì. Ọ̀nà ilẹ̀, yẹ̀pẹ̀ lásán ni, àárín igbó ló ń gbà. Ìyànà-Ìbà tí ẹ ti ń ra búrẹ́dì, tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń tẹ ìwé, oko ẹ̀gẹ́ ni! Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Àlàbá ńkọ́? Ta ní mọ ohun tó ń jẹ́ ọjà Àlàbá? Bí mọ́tò bá ń bọ̀, a ó ti máa gbọ́ ọ láti Òkokomáíkò, àwọn ọmọdé á ti sáré dé etí ọ̀nà kó tó yọ. Ẹ̀yin, mọ́tò ń kọjá lójú fèrèsé yín bí eṣinṣin, ẹ ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ọkọ mi ní mọ́tò. Bọ́lẹ̀kájà ni, iwájú irin, ẹ̀yìn pákó. Ó ń kó àgbọn, ó ń kó ẹní, ó ń kó gàrí, ó ń kó èèyàn lé gbogbo ẹ̀ lórí. Kì í ṣe tòun nìkan o. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo tà á, ó wọnú mọ́tò yẹn. Nítorí náà bí mọ́tò bá ń lọ, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé ọrùn ìyá mi ló ń lọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó ń dùn mí bí ìtàn bá dé iwájú.

Ọkọ mi wá ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Sàlámì, ará Ọ̀tọ̀-Àwórì. Òun náà ní mọ́tò. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, Sàlámì kó ẹrù lọ Èkó, ó gbé mọ́tò ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, ó wọlé lọ kírun. Kó tó jáde, mọ́tò ti lọ. Ọ̀sán gangan! Bàtà ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó bọ́ ọ sí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Mọ́tò ni ò sí.

Wọ́n wá a, wá a, wọn ò rí i. Ọkùnrin yẹn ò bọ̀ sípò mọ́. Ẹ ó bá a létí ọ̀nà lórí àpótí, tó ń wo gbogbo mọ́tò tó ń kọjá. Ìyàwó ẹ̀ á ní, "Ẹ wá jẹun." Á ní, "Jẹ́ n wo èyí tó ń bọ̀ yìí ná. Wọ́n lè ti kùn ún lọ́dà mìíràn, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ẹ̀." Ó ń fetí mọ ohùn mọ́tò kiri, bí abiyamọ tó ń wá ọmọ ẹ̀ láàárín èrò.

Ìyẹn ló wọ ọkọ mi lára. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá bu òkèlè, á gbé e dúró lọ́wọ́, á na ọrùn wo ìta. Á lọ fọwọ́ kan mọ́tò, á padà wá, á tún lọ. Mo ní, "Bàbá Ráfátù, ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun." Ó ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí." Mo ní alákàn náà máa ń jẹun. Kò rẹ́rìn-ín. Ráfátù ni ọmọ wa, àkọ́bí, òun nìkan la ní nígbà yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn dáadáa. Ó máa ń tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ lọ síbi mọ́tò, òun náà á fọwọ́ kàn án, òun náà á padà wá. Ọmọ àti bàbá, kò sí èyí tó lè jókòó.

Ó wá di ọjọ́ kan, mò ń fọ aṣọ, mo fọwọ́ kan nǹkan líle nínú àpò ṣòkòtò ẹ̀. Mo yọ ọ́. Súìṣì ni. Irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri nílé òyìnbó, dúdú, ó ní imú kékeré kan téèyàn ń tẹ̀ sókè, tẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Ní Ọ̀jọ́? Níbi tó jẹ́ pé àtùpà la fi ń ríran? Ìyá ọkọ mi bọ́ síta, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Àkànní, iná wo lo fẹ́ tàn?" Ó gba nǹkan ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì, ó lé gbogbo wa kúrò nídìí mọ́tò. Ó lé èmi, ó lé ìyá ẹ̀, ó lé àbúrò ẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn jọ ń wa mọ́tò náà ni. Àbúrò yẹn, èmi ò lè pe orúkọ ẹ̀. Ọkọ mi ni, wọ́n ti bí i sílé kí n tó wọlé. Agùntáṣọọ́lò ni mo sọ ọ́, torí ó ga bí ọ̀pẹ. Ẹ̀yin ìyàwó òde òní, ẹ ń pe gbogbo wọn ní Túndé, Túndé, ẹ ò sì kú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa ò gbọdọ̀ dán an wò. Gbogbo wa dúró lókèèrè, à ń wo ẹsẹ̀ ọkọ mi tó yọ síta lábẹ́ mọ́tò, à ń gbọ́ kó-kó-kó. Nígbà tó jáde, ó ti fi gíríìsì kun ojú. Ó ní, "Ó tán." Mo ní kí ló tán? Ó ní, "Ohun tí mò ń ṣe." Láti ọjọ́ yẹn, òun nìkan ló ń wa mọ́tò.

Ohun tó ṣe, mo wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Wáyà kan wà tó ń gbé iná láti ara bátìrì lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ó gé wáyà yẹn, ó fà á gba inú súìṣì, ó kan súìṣì mọ́ ibi tí ojú ò tó. Bí súìṣì bá wà nísàlẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí, ẹ fi irin yí ẹ́ńjìnnì níwájú títí ọwọ́ yín á fi bó, kò ní ṣíná. Ìyẹn náà ni. Ohun tí Wàsíù ṣe náà nìyẹn, kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀.

Mo bi í. Ẹ má rò pé mi ò bi í. Mo gbé omi ìwẹ̀ fún un, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá Ráfátù, ẹ ti ṣe nǹkan sí mọ́tò wa. Ẹ fi hàn mí." Ó ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Mo ní ṣé ẹnu tèmi ni? Ó ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹni méjì bá ti mọ̀, ó ti di ti ọjà." Mo ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi ńkọ́, ṣé ti ọjà lòun náà?" Ó gbé omi, ó lọ wẹ̀. Inú bí mi dé góńgó. Mi ò gbàgbé. Ẹ wò mí dáadáa, ó tó ọdún mélòó yẹn? Inú ṣì ń bí mi.

Kò pẹ́ tí olè fi wá. Òkokomáíkò ni, wọ́n ń kó àgbọn jọ níbẹ̀, ọkọ mi lọ jẹun nílé ẹni tó ni àgbọn. Ọkùnrin kan wọ inú mọ́tò. Àwọn tó rí i rò pé awakọ̀ tuntun ni. Ó yí i, kò ṣíná. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi irin yí i, kò ṣíná. Ọkọ mi gbọ́ ariwo, ó jáde, olè bẹ́ sígbó. Ọkọ mi wọ inú mọ́tò, ó jókòó, ó ní kí wọ́n yí i. Wuu! Ó ṣíná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyẹn ti tó. Ìròyìn ti dé Ọ̀jọ́ kí mọ́tò fúnra ẹ̀ tó dé. Wọ́n ní ó ti fi nǹkan dì í. Wọ́n ní mọ́tò náà mọ olówó ẹ̀, kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn. Wọ́n bi ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Ohun tó máa ń sọ nìyẹn, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Àwọn obìnrin tó ń ti etí omi bọ̀ á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wọ́n á rẹ orúnkún sílẹ̀ díẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mọ́tò ni wọ́n ń kí! Ó sì dùn mọ́ ọkọ mi nínú. Mo rí i lójú ẹ̀. Ó wá ń jẹun dáadáa, èmi ni mi ò lè jẹun mọ́. Mo máa ń wo mọ́tò yẹn bí ìyàwó tí ọkọ ẹni fẹ́ láì sọ fúnni.

Ìyá ọkọ mi nìkan ló ní nǹkan tí wọ́n ń bá a jà sí. Ẹ mọ̀ pé Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n. Wọ́n ní, "Àkànní, mò ń wò ọ́. Bó o bá ti wọ inú mọ́tò, wàá ní Bísímílà, wàá sì na ọwọ́ òsì sísàlẹ̀. Ọwọ́ òsì! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?" Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú." Ọjọ́ kejì á tún ṣe é. A rò pé ìwàkiwà ni.

Ó wá di ọjọ́ náà... Ẹ fún mi lómi.

Ọkọ mi bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àgbádárìgì láàárọ̀, síbi fídáù ẹnì kan tó jẹ́ ìbátan wa. Ó fi mọ́tò sílẹ̀ nílé, ó fi kọ́kọ́rọ́ fún àbúrò ẹ̀, ó ní kó fọ mọ́tò. Ráfátù jí, ara ẹ̀ gbóná. Mo ní ibà ni. Ìyá ọkọ mi fi àdín pa á lára, wọ́n fún un ní àgbo. Kò tíì di ọ̀sán tí ọrùn ẹ̀ fi le gan. Mo fẹ́ gbé orí ẹ̀ sókè, gbogbo ara ló bá a dìde bíi pákó. Ojú ẹ̀ yí. Gìrì! Mo pariwo, gbogbo àdúgbò dé.

Dìsípẹ́ńsà kan, ẹni tó ń po oògùn òyìnbó, ń gbé nítòsí wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan. Ó sáré dé, ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ìyàwó, kì í ṣe èyí témi lè wò. Ẹ gbé e lọ ọsibítù ní Èkó. Ẹ má dúró ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹ máa lọ báyìí." Mo ní ọkọ̀ ojú omi? Ó ní, "Ọkọ̀ ojú omi ò ní yá tó. Ṣebí ẹ ní mọ́tò."

Ṣebí a ní mọ́tò! Agùntáṣọọ́lò ti wà nínú ẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò ṣíná. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kó irin bọ iwájú ẹ̀, ó yí i, ó yí i, òógùn bò ó. Ẹ́ńjìnnì ń mí hùn-ùn, hùn-ùn, kò jí. Àwọn ọkùnrin gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ń yí i léraléra. Mo gbé ọmọ dúró lápá. Orí ẹ̀ gbóná mọ́ ọrùn mi bíi ààrò. Mo ní, "Ẹ ṣe nǹkan! Ẹ ṣe nǹkan!"

Ẹnì kan wá sọ ọ́. Mi ò mọ ẹni tó jẹ́. Ó ní, "Ẹ ń dára yín láàmú. Mọ́tò yẹn kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn." Wọ́n gbà á gbọ́. Àwọn tó ń fi irin yí i sún sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ fi oríkì olówó ẹ̀ bẹ̀ ẹ́."

Ṣé ẹ mọ ẹni tó kúnlẹ̀? Ìyá ọkọ mi. Àgbàlagbà obìnrin, tó jẹ́ pé gbogbo Ọ̀jọ́ ló ń kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ níwájú mọ́tò ọmọ wọn. Wọ́n fọwọ́ méjèèjì mú irin iwájú ẹ̀. "Àkànní, ọmọ ẹlẹ́ja tí í gbé etí omi gbọ́ ìròyìn ọjà. Ọmọ atukọ̀ má wẹ̀yìn. Ìyá rẹ ni. Ìyá rẹ ló ń bẹ̀ ọ́. Ọmọ rẹ ń kú lọ, dá mi lóhùn." Omi ń bọ́ lójú wọn. Mọ́tò ò dáhùn.

Ẹlòmíràn ní ojú ni mọ́tò fi ń dá a mọ̀. Wọ́n sáré wọlé, wọ́n gbé agbádá ọkọ mi àti fìlà ẹ̀ wá, wọ́n kó o wọ Agùntáṣọọ́lò. Agbádá ò dé orúnkún ẹ̀. Wọ́n ní kó wúkọ́ bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe máa ń wúkọ́. Ó wúkọ́. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ó wúkọ́. Ọkùnrin yẹn ń sunkún, ó sì ń wúkọ́. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i rí, lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó bú wọn. Ẹni tó bá ní nǹkan mìíràn láti ṣe ì bá ti ṣe é.

Èmi mọ̀ pé kì í ṣe oògùn. Ọkọ mi ò mọ oògùn kankan, kò lè dá ewé efinrin mọ̀. Súìṣì yẹn ni. Súìṣì dúdú tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ nínú aṣọ. Ṣùgbọ́n níbo? Mọ́tò tóbi bí ilé. Mo dúró, ọmọ ń gbọ̀n lápá mi, mò ń wo ọkọ mi lójú inú. Ó dé. Ó gun orí ìtẹ̀sẹ̀. Ó jókòó. Ó ní Bísímílà. Ó na... ọwọ́ òsì.

Ah! Ọwọ́ òsì. Èwo nínú àwa Mùsùlùmí ló máa fi òsì ṣe Bísímílà, àfi bí ohun tó fẹ́ fọwọ́ kàn bá wà lápá òsì?

Mo sún Agùntáṣọọ́lò kúrò. Mo gun ibẹ̀ tọmọtọmọ. Obìnrin ò jókòó síbẹ̀ rí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Kí ló ń ṣe?" Mo na ọwọ́ òsì sísàlẹ̀, mò ń fọwọ́ wá abẹ́ pákó ìjókòó. Mo kan ìṣó, ó ya mí lọ́wọ́. Mo kan okùn. Lẹ́yìn ìyẹn mo kan imú kékeré kan. Mo tẹ̀ ẹ́ sókè. Ó dún, tà.

Mo ní, "Ẹ yí i." Wọ́n ń wò mí. Mo ní, "Ẹ yí i!" Agùntáṣọọ́lò yí i tòun ti agbádá. Wuu! Àwọn èèyàn sá sẹ́yìn, àwọn kan dojú bolẹ̀. Wọ́n ń kígbe pé kí ló ṣe? Kí ló sọ fún un? Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Mo ní, "Mo bẹ̀ ẹ́ ni." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ọmọ ń kú lọ lápá mi, mo ṣì bo àṣírí ọkọ mi.

Mi ò lè sọ bí ọ̀nà ṣe rí. A gba Ìbà, a gba inú igbó, a jáde. Ní gbogbo ibi tí yẹ̀pẹ̀ ti mú wa, àwọn èèyàn ń jáde láti oko wá tì wá. Mo kàn ń fetí lé àyà ọmọ. Ní ọsibítù, wọ́n gba Ráfátù lọ́wọ́ mi, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, wọ́n ní kí n dúró síta. Mo dúró, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó. Mo ní ta ló lè jókòó?

Ọjọ́ kejì ni ọkọ mi dé. Wọ́n ti sọ fún un ní Ọ̀jọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo rí i tó ń bọ̀ kánkán nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dìde. Mo rò pé á ní, "Ọmọ ńkọ́?" Ó dúró níwájú mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ta ló fi hàn ọ́?"

Ta ló fi hàn mí.

Mo nawọ́ sí ibi tí ọmọ wà. Ó wọlé lọ, mo gbọ́ tó ń sunkún níbẹ̀. Mi ò sọ pé kò sunkún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu ẹ̀, ẹyin ni, ó ti fọ́.

Nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda wa, mi ò bá a padà sí Ọ̀jọ́. Mo gbé ọmọ mi lọ sílé bàbá mi ní Ìbà níbí. Bàbá mi ń hun ẹní lọ́wọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Omi wà nínú àmù." Kò pẹ́ tí ọkọ mi àti ìyá ẹ̀ fi wá bẹ̀ mí. Bàbá mi ní, "Kí lo fẹ́ kí ó ṣe?" Mo ní, "Kí ó fi hàn mí." Ọkọ mi ní, "Ṣebí o ti mọ̀ ọ́n." Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ò fi hàn mí." Ó dorí kodò. Ó ní, "Mo ti ṣí i kúrò níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi o! Ó ti ṣí i lọ síbòmíràn! Ìyá ẹ̀ pàtẹ́wọ́, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n ní, "Àkànní, mo kúnlẹ̀ fún irin nítorí rẹ. Bí o ò bá mú ọmọbìnrin yìí lọ síbẹ̀ báyìí, má pè mí ní ìyá mọ́." Ó dìde. Ó mú mi lọ́wọ́, lójú bàbá mi, a jáde lọ síbi tí mọ́tò wà lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Ó gbé ọwọ́ mi, ó fi lé ibẹ̀. Mo padà sílé ọkọ mi.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé yìí tí mo jókòó sí, mọ́tò kún ojú ọ̀nà níta. Èyí ní géètì, èyí ní ṣéènì, èyí ń ké wíì-wíì tí ológbò bá fara kàn án. Ó lè ké di ọ̀la, kò sẹ́ni tó máa yọjú. Mọ́tò tiwa ò ké rárá, gbogbo ìlú ló jáde sí i. Wọ́n ṣi ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n jáde. Ó sì ń dùn mí, torí mi ò mọ ẹni tó máa jáde fún yín.

Ráfátù wà láyé. Àǹtí yín tó ń ránṣọ ni. Ẹ máa ń bínú pé ẹ kí i, kò dá yín lóhùn. Ẹ̀gbẹ́ tí etí ẹ̀ ò gbọ́ lẹ ti kí i. Àrùn yẹn mú etí kan lọ. Dókítà ní ó ti lè lọ kí a tó gbéra nílé rárá, ó sì lè jẹ́ pé ìdúró yẹn ni. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Èmi ń fẹ́ láti mọ̀. Mo ti rò ó, rò ó. Bí mo bá wà nídìí ìkòkò, mò ń rò ó.

Ọkọ mi ò bẹ̀ mí nípa etí yẹn rí. Kò sọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ kó kàn ní kó bu omi wá, kò ní pè é láti ibi tó wà. Á dìde. Á yí po, á lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí tó ń gbọ́. Nígbà tó darúgbó, tó jẹ́ pé ọ̀pá ló fi ń rìn, tí ẹsẹ̀ ń ro ó, á ṣì yí po.

Wàsíù, kí lò ń wò mí sí? Dìde, mú ìyàwó rẹ lọ sídìí mọ́tò.